Méjìdínlógún Nínú Ogún

Ìretíọlá gba méjìdínlógún nínú ogún
nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí ọkàn.
Ó fi òòfà alára ẹja há ìwé náà mọ́ ara fíríìjì.
Ó ní, "Mọ́mì, iyàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀,
ilẹ̀kùn mẹ́rin, wọn kì í ṣí sẹ́yìn.
Ó tó ìkúùkù yín, kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ."
Mo di ìkúùkù mi, mo wò ó:
ọwọ́ tó ń nu wọ́ọ̀dù aláìsàn ọkàn lóru,
tí bílíìṣì ti jẹ lára.

Àṣé ohun tó ń balẹ̀, tó ń fò, tó ń pòrúùrù,
tó ń bàjẹ́ bí ìpè bá wọlé láti Iléṣà láàjìn,
ẹran ni.
Iyàrá mẹ́rin, bí ilé káńsù tí à ń gbé.

Ó mọ̀ pé iyọ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru.
Ó mọ̀ pé ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ iṣan
bó ṣe dí páìpù ìdáná wa nígbà òtútù.
Ó mọ̀ ọ́n, ó kọ ọ́, olùkọ́ fi bírò pupa máàkì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀,
mo wà lókè bọ́ọ̀sì ní Beverley Road,
òjò Hull ń rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ rọ̀,
mo rí i.
Òun àti Zofia àti Callum ọlọ́rọ̀ púpọ̀,
wọ́n fara ti gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja díndín,
ànàmá gbígbóná ń rú èéfín nínú bébà.
Iyọ̀ pupa tí wọn kì í fi ṣeré nílùú yìí,
ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń gbọ̀n ọ́n, bí ẹni ń fúnrúgbìn.
Agolo ohun mímu kan wà ní abíyá rẹ̀,
irú èyí tí í lé oorun jáde lójú ọmọ.
Callum fẹ́ èéfín olóòórùn máńgò sí afẹ́fẹ́.
Ọmọ mi gbórí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín.
N kò ní purọ́, ẹ̀rín yẹn dùn ún wò.
N kò sọ̀kalẹ̀.

Lálẹ́, mo bú u. "Méjìdínlógún yẹn ńkọ́?"
Ó ní, "Pọ́n-ùn méjì ló wà lọ́wọ́ mi, Mọ́mì.
Kí ni pọ́n-ùn méjì ń rà tí kì í ṣe ànàmá?
Tí mo bá sì dá dúró mu omi,
èmi nìkan ni n óò máa mu ún.
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí. Ọkàn mi ò tíì mọ àárẹ̀."

Kí n tó dáhùn, ó ti nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù,
ó gbé agolo bisikíìtì tí mo rò pé ojú ẹnikẹ́ni ò tó.
Ó ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sórí tábìlì bí ọmọ ayò:
ọjọ́ mọ́kànlá tí n kò lò ó.
"Ẹ̀yin náà gba méjìdínlógún," ó ní.

Mo ti sọ fún un rí pé ayé ló ta bàbá mi lọ́fà,
láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tó ti ń so okùn bàtà.
Ó bi mí ní pẹ̀lẹ́,
"Ṣé ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ wọn rí?"

Fíríìjì ń kùn.
Ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ mi,
kì í ṣe àtàǹpàkò, nítorí àtàǹpàkò náà ń lù,
ó lè parọ́ fún ni.
Ó ń ka iye lédè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ètè.
Ó dé ogójì, fóònù rẹ̀ tàn, ó wò ó,
iye sọnù.
"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n tún un bẹ̀rẹ̀."

Èdè wa ló fi kà á lọ́tẹ̀ yìí, bóyá láti fi tù mí.
Hull ni wọ́n bí i sí, ohùn rẹ̀ a máa ṣìnà:
"ọ̀kan" a di "ọkàn" lẹ́nu rẹ̀.
"Ọkàn," ó ní. "Èjì. Ẹ̀ta."
N kò tún un ṣe fún un.